Kọ̀ǹpútà, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ìjọba: Èrò Onímọ̀ Ẹ̀rọ Kan ní Ìbàdàn Lórí Èdè Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan ìjọ, ó kan ilé-ẹ̀kọ́, ó sì kan ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àdúgbò Challenge ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń gbé ìwé ètò ìsìn lọ fún àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ìtàwé Challenge ti àwọn míṣọ́nnárì SIM, àwọn tó tẹ ìwé ìròyìn African Challenge jáde, ni àdúgbò náà ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ wa lónìí. Ìwé ètò ìsìnkú yóò kọ “oko rere” níbi tó yẹ kí ó kọ “ọkọ rere”, bí ẹni pé ilẹ̀ tí a fi iṣu sí ni opó ń sunkún lé lórí. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níwájú ìjọ yóò rí “igba”, yóò sì dúró díẹ̀ láti méfò: ṣé ìgbà ni, àbí igbá, àbí igba tí í ṣe ogún mẹ́wàá? Bí a bá bi atẹ̀wé léèrè, èsì rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò ní àmì Yorùbá. Èsì yìí ti jẹ́ òtítọ́ nígbà kan rí. Kì í ṣe òtítọ́ mọ́.

Ẹnìkan tó ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìbàdàn náà ni ó dá àjọ African Languages Technology Initiative sí, èyí tí a mọ̀ sí Alt-i. Àjọ yìí ló bá ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣiṣẹ́ láti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú Windows sí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Kókó èrò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn, ni pé kò tọ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ kúrò nínú èdè rẹ̀ kí ó tó lè jàǹfààní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó wá bá a níbi tó wà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Látijọ́, oníkálukú ń ṣe àwòrán lẹ́tà Yorùbá tó wù ú sórí nọ́ńbà tó wù ú, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà tí a tẹ̀ dáadáa ní ọ́fíìsì kan yóò di jágbajàgba bí a bá ṣí i ní ọ́fíìsì míràn. Ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó mú kí gbogbo ẹ̀rọ fohùn ṣọ̀kan. Síbẹ̀, “é” tí àwọn Faransé ń lò ní nọ́ńbà ẹyọ kan, ṣùgbọ́n “ọ́” tiwa kò ní. Méjì ni a ń so pọ̀: nọ́ńbà kan fún “ọ”, òmíràn fún àmì ohùn òkè. Ìdí nìyí tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Wàhálà kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe àwáwí tí wọ́n fi pa àmì tì pátápátá.

Pípa á tì kọ́ ni ojútùú. Ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára Yorùbá. Ara ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rí èyí, tí Adégbọlá náà ti kọ̀wé lé lórí, ni ìlù dùndún. Dùndún kò lè pe “b” tàbí “k”, kò sì lè pe “a” tàbí “i”. Ohùn nìkan ni ó ní, síbẹ̀ ó ń kì wá ní oríkì, a sì ń gbọ́ ọ yé.

Nítorí náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí ìwé tí a kò fi àmì sí. Ọgbọ́n rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ níwájú ìjọ. A ó kó ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi àmì sí dáadáa fún ẹ̀rọ. Yóò ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń tẹ̀lé òmíràn. Bí ó bá wá rí “wo oko” tí ọ̀rọ̀ Èkó tẹ̀lé e, yóò mọ̀ pé “wọ ọkọ̀” ni, nítorí pé ènìyàn kì í wọ ọkọ́ tí a fi ń roko lọ sí Èkó. Bí ìwé tí a kó fún un bá ti pọ̀ tó ni àṣìṣe rẹ̀ yóò ti dínkù tó. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ èdè tàbí tó ń gbọ́ ohùn ènìyàn lónìí ló dúró lórí irú ìpìlẹ̀ yìí. Ìyá tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu bi fóònù rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, bí a bá ti kọ́ fóònù náà ní Yorùbá.

Ibo wá ni ìwé tí a fi àmì sí wà? Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ fi etí sí èyí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ìjọ ni ó ni àká ìwé Yorùbá tó tóbi jùlọ. Ṣùgbọ́n àmì ohùn inú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ wa ń kà kò tó nǹkan, “enia” àti “aiye” sì ni ó ń kọ, èyí tí ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti yí padà. Fún ọdún mélòó kan, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà gbára lé jù, nítorí pé ó pọ̀, wọ́n sì fi àmì sí i fínnífínní. Èyí kò yẹ kí ó bí wa nínú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà.

Bí ọmọ kò bá kọ́ àmì ohùn ní ilé-ẹ̀kọ́, ta ni yóò kọ ìwé tí ẹ̀rọ yóò kọ́ lọ́la? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ pé kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán títí ìwé àti olùkọ́ yóò fi wà. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Túnjí Aláùsá kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìpìlẹ̀ dé yunifásítì. Ìdí tó mú wá ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni a fi sọ pé ìṣirò yìí kò yé wa. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí ìlànà náà jáde kò tíì ju kíláàsì kẹrin lọ nígbà tí wọ́n fagi lé e. Kò tíì rí ìwé ìdánwò WAEC sójú.

Àmọ́ kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọmọ ìjọ dá sílẹ̀, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àwa òbí náà ni a sì ń san án.

Ní ti àwọn akọ̀wé ìjọ, pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Gboard ti Google lórí fóònù, ó sì wà nínú Windows pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé yín kí ó tan án kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ètò ìsìn tó ń bọ̀, kí ẹnìkan tó mọ àmì ohùn sì kà á wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde.