Agadez: Ìlú Alámọ̀ Tó Gba Ọmọ Ogun Òfuurufú Lálejò

Ẹni tó bá dúró létí títì ńlá tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, tó kẹ̀yìn sí òkun, ọ̀nà Niger ló kọjú sí. Láti kékeré ni a ti ń rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Kútọnu bọ̀, tí wọ́n forí lé Parakou àti Malanville. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ni pé ẹrù kan wà tó máa ń ti òdìkejì wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yúréníọ̀mù tí wọ́n ń wa jáde nínú ilẹ̀ ní Arlit, ní àríwá Niger, ń gba ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí èbúté Kútọnu, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Kí ẹrù náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá ní Agadez. (Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wa, OCBN, fi orúkọ Niger kún orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin náà kò kọjá Parakou rí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Agadez yìí ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Kò tóbi bí Kútọnu tàbí Niamey. Síbẹ̀, láàrin ọdún 2019 sí 2024, létí ìlú yìí ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú ṣọ́ apá ńlá nínú aṣálẹ̀ Sàhárà àti Sahel. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò náà palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí wọ́n lọ. Ohun tó ń kù fún onílé lẹ́yìn irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ wá lọ́kàn.

Ìlú náà wà nísàlẹ̀ àwọn òkè Aïr, níbi tí koríko ti ń tán tí yanrìn sì ń bẹ̀rẹ̀. Láti Niamey dé ibẹ̀ ju 900 kìlómítà lọ. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn Tuareg aláwàní ló máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn Haúsá, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Gàǹbàrí, pọ̀ níbẹ̀, èdè wọn sì ni èdè ọjà. Súlútáànì ti ń jẹ níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí ti ń sinmi láyé àtijọ́, àwọn tó ń ru jéró lọ sí Bilma, tí wọ́n sì ń ru iyọ̀ àti dàbínù bọ̀. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì nì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1850. Ilé tó wọ̀ sí ṣì wà tí wọ́n ń fi han àlejò.

Ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí ní Agadez ni mọ́ṣáláṣí ńlá. Gogoro rẹ̀ ga ní mítà 27, amọ̀ ni wọ́n sì fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọ́n tún un mọ ní ọdún 1844. Àwọn igi yọ jáde lára rẹ̀ yíká bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Orí wọn ni àwọn mọlémọlé máa ń gùn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀yin tí a tọ́ nínú ilé alámọ̀ kò nílò àlàyé lórí èyí. Ilé alámọ̀ tí a kò bá rẹ́ fún ọdún mélòó kan, òjò á gbà á. Ní ọdún 2013, àjọ UNESCO fi àárín ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé àwọn ibi tó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé dróònù wọn dé Niamey.

Kì í ṣe ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kọ́kọ́ kan Agadez. Pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà ń jẹ́ orúkọ Mano Dayak, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Tuareg tó gbé ìjà ko ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìrìn àjò ọ̀rọ̀ àlàáfíà ló ń lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀ já lulẹ̀, tó sì kú. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfuurufú UTA kan lókè aṣálẹ̀ Ténéré, ní ìlà-oòrùn ìlú náà. Ọkọ̀ náà ti Brazzaville àti N'Djamena bọ̀, Paris ló ń lọ. Ènìyàn 170 ló bá a lọ.

Ìdí tí Amẹ́ríkà fi fẹ́ ibùdó kejì ní Agadez kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀: láti ibẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú lè ya sí gúúsù Líbíyà, ó lè ya sí àríwá Mali, ó sì lè ya sí adágún Chad. Wọ́n pe ibùdó náà ní Base 201, ẹ̀gbẹ́ ìlú ló sì wà. Ó ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 110 dọ́là. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú náà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ nínú ooru àti ìjì yanrìn, wọ́n sì sọ pé nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ti fọwọ́ ara wọn kọ́, kò sí èyí tó tóbi tó o. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sáré lé kó tó gbéra gùn tó nǹkan bíi 1,900 mítà. Nígbà tí ọdún 2019 ń lọ sópin ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní pẹrẹu.

MQ-9 Reaper ni orúkọ dróònù tó ń gbéra níbẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó mítà 20 láti ìkángun kan dé ìkejì, ó sì lè wà lókè fún ohun tó ju wákàtí 20 lọ láìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lè jókòó sínú yàrá kan ní Amẹ́ríkà, kí ó máa wo ràkúnmí tó ń mu omi nínú Ténéré. Ẹ rò ó wò ná. Ará Agadez tó gbójú sókè kò rí nǹkan kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn òkun ń rí ará Agadez. Pẹ̀lú gbogbo rírí náà, ìkọlù àwọn agbébọn kò dín kù ní Sahel láàrin àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwa tí a ń gbé Benin rí i bí ó ti ń sún mọ́ àríwá ilẹ̀ tiwa.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn láyé. Ní àríwá Jàpáánì, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Misawa, tí iye àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sún mọ́ 40,000. Láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ti parí ní ọdún 1945 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ogun Jàpáánì àti ọkọ̀ èrò ti ń gbéra. Wàhálà kò ṣàìsí níbẹ̀ o. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, iná sọ lára ẹ̀rọ ọkọ̀ ogun F-16 kan bó ti gbéra, awakọ̀ rẹ̀ sì já àgbá epo méjì sínú adágún Ogawara. Àwọn apẹja adágún náà ní láti dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ará Misawa mọ àlejò rẹ̀ lójú. Wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n sì jọ ń ṣe àjọ̀dún. Ọmọ tí wọ́n bí sí Misawa ní ọdún 1950 ti di arúgbó, kò sì rí ìlú rẹ̀ rí láìsí Amẹ́ríkà nínú rẹ̀.

Ti Agadez yàtọ̀. Ọdún márùn-ún péré ni, odi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì wà láàrin onílé àti àlejò. Àwọn ọmọ ìlú kan ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, a kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, iṣẹ́ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ ń bọ́ lọ́wọ́ ìlú. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Yúróòpù, tí wọ́n máa ń wá wo aṣálẹ̀ tí wọ́n sì máa ń ra òrùka àti àgbélébùú fàdákà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú, ti sá lọ nígbà tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2007. Ọ̀pọ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ awakọ̀ tàbí afinimọ̀nà yí padà sí ríru èrò lọ sí Líbíyà. Ní ọdún 2016 nìkan, ó ju 300,000 ènìyàn lọ tó gba inú Niger kọjá sí àríwá. Ilé onjẹ, ilé ìbùsùn, oníṣòwò omi, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Niger ti ṣe òfin 2015-36 ní ọdún tó ṣáájú, ilẹ̀ Yúróòpù sì ń fi owó rọ ìjọba pé kí wọ́n mú un ṣẹ. Awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní gbangba lánàá di ọ̀daràn. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ju awakọ̀ sẹ́wọ̀n. Àwọn tí kò jáwọ́ ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú tó jìnnà sí kànga, òùngbẹ sì pa ọ̀pọ̀ èrò sínú yanrìn.

A kò sọ pé Base 201 ló bí òfin yẹn. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji mọ́ṣáláṣí ní Agadez, a lè lóye bí ó ṣe rò pé ibì kan náà ni méjèèjì ti wá: ibi tí wọn kì í ti bi í léèrè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niamey. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, CEDEAO fi ìyà jẹ Niger, ẹnubodè Malanville sì tì. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, àwọn ìyá wa tó ń ta àlùbọ́sà pupa Galmi mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí ọjà wọn. Nígbà tí CEDEAO sì yọ ìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Benin ṣí ẹnubodè tirẹ̀, Niger kò ṣí tirẹ̀.

Olórin kan tó ń gbé Agadez, Mdou Moctar, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà èwe. Lónìí wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri ayé. Amẹ́ríkà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin nígbà tí ìròyìn ìfipágbàjọba dé bá wọn, ọ̀nà àtipadà sílé sì dí. Ọmọ Agadez há sí Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà há sí Agadez.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba ológun kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àdéhùn àwọn pẹ̀lú Amẹ́ríkà ti dópin. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tú jáde ní Agadez fúnra rẹ̀, wọ́n ní kí àlejò máa lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti fa Base 201 lé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Niger. Ọ̀nà tó gùn ní 1,900 mítà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ká a bí ẹní.

Ohun tó yí padà jù fún ará ìlú kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ibùdó náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ológun fagi lé òfin 2015-36, àwọn awakọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ Toyota aláìlórùlé tún ń tò tẹ̀lé àwọn sọ́jà, wọ́n ń gba ọ̀nà Dirkou lọ sí Líbíyà. Nǹkan bí ènìyàn 30 lè wà lẹ́yìn ọkọ̀ kan. Wọ́n máa ń so igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ẹni tó jókòó sí etí lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì há igi náà láàrin, nítorí pé bí ènìyàn bá já bọ́, ọkọ̀ lè má dúró. Àwọn ọmọ Benin wà lára wọn, àwọn kan sì ti gba ojú títì tiwa yìí kọjá, níwájú ilé wa.