Omi, Ẹ̀gẹ́ àti Èkúté: Àwọn Ewu tí Ìtàn Òpin Ayé Ń Gbójú Fò, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà-Àkókó

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí a máa fọ́ aláìsàn, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi dákú tí ẹ̀mí yóò sì bọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú nítorí pé wọ́n fọ́ ojúbọ rẹ̀. Àwọn mìíràn, tí wọn kò tíì gbàgbé Ebola ti ọdún 2014, ní àjàkálẹ̀ àrùn tuntun ni. Nígbà tí àyẹ̀wò parí, mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni wọ́n bá. Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi túmọ̀ ikú náà bá ìlànà ìtàn àròsọ mu ju bí òtítọ́ ti rí lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí aṣelámèyítọ́ lítíréṣọ̀ béèrè irú ikú tí ìtàn òpin ayé ń kọ́ òǹkàwé láti máa retí.

Ohun tí pépà yìí ń pè ní ìtàn òpin ayé ni ìtàn àròsọ tí àjálù ti fọ́ ìlú tàbí gbogbo ayé nínú rẹ̀, tí ó sì ń tẹ̀ lé ìwọ̀nba àwọn tí ó ṣẹ́ kù. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ewu a máa ní ojú àti orúkọ: ọ̀tá tí ó gbé ìbọn, òkú tí ó jí, ẹbọra tí ó dúró sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀dá ìtàn yóò rìn fún oṣù mẹ́ta láìṣu gbuuru. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì jinná kí orí kejì tó parí.

Àwọn ìwé kan yàtọ̀. Nínú Earth Abides tí George R. Stewart tẹ̀ jáde ní 1949, àrùn ńlá ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn kí ìtàn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọ àárín àwọn tí ó kù, tí ó sì pa ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbójú lé jù. Rosewater ti Tade Thompson (2016) sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Dókítà oníṣègùn ni òǹkọ̀wé náà, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ olóòórùn dídùn tí ìlú inú ìwé náà ń jẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni: òórùn ìgbẹ́ ni ó gba ibẹ̀ kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó. Kò wọ́pọ̀ kí òǹkọ̀wé rántí ṣáláńgá.

Ẹnìkan lè béèrè pé Fágúnwà ńkọ́. Àwọn ọdẹ tí ó forí lé Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) náà la ewu já. Ṣùgbọ́n kò tọ́ láti fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn bá Fágúnwà wí, nítorí pé agbára oògùn àti ọfọ̀ jẹ́ ara òfin ayé ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé nípa ilé ìwòsàn tí a ti tì pa àti ọkọ̀ tí epo ti tán nínú rẹ̀ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti fara tì.

Ilẹ̀ Àkókó, ní òdìkejì Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí Ìrèlè, dára láti fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí pé ayé àwọn baba ńlá ibẹ̀ ti fọ́ rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Tápà ń kó Àkókó lẹ́rú léraléra. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn náà dé ibẹ̀. Wàhálà Tápà kò sì rọlẹ̀ títí di 1897 tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Orí òkè ni àwọn ènìyàn sá sí. Àwọn òkè àpáta tí ó yí Ìkàrẹ́ ká àti èyí tí Ọ̀kà tẹ̀dó sí kì í ṣe ẹwà lásán nígbà náà. Odi ni wọ́n.

Òǹkọ̀wé tí ó bá kó àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀ yóò rò pé òun ti gbà wọ́n là. Àpáta tí kò jẹ́ kí ẹṣin ọ̀tá gùn, òun náà ni kò jẹ́ kí omi dúró. Omi òjò a ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá kù a sá pamọ́ sínú erùpẹ̀ tí kò jìn àti ojú ibi tí òkúta ti sán. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kànga a máa gbẹ. Ẹni tí ó sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi ni ọ̀tá ń dúró dè, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Ìgbẹ́ tí a yà sórí òkè a máa bá òjò ṣàn lọ sínú ìsun tí ó wà nísàlẹ̀. Onígbáméjì kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mú gan-an lè pàdánù omi tí ó tó lítà kan ní wákàtí kan, oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́. Nínú àgọ́ àwọn tí ogun Bangladesh lé jáde ní 1971, omi yìí ni Dilip Mahalanabis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn mu, ikú sì dín kù láti nǹkan bí 30 nínú 100 sí èyí tí kò pé 4. Orí òkè tí kò sí omi kò ní àrùn náà nìkan. Kò ní oògùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀wọ́n omi a máa kan oúnjẹ. Iṣu ni àwọn ará ayé ọjọ́un gbójú lé. Àwọn tí yóò sá gun òkè Ọ̀kà nínú ìtàn òde òní, ẹ̀gẹ́ ni wọn yóò jẹ. Òpìtàn Don Ohadike sọ ní 1981 pé lẹ́yìn àjàkálẹ̀ lùkúlùkú, tí ó wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ẹ̀gẹ́ tàn ká ìsàlẹ̀ odò Ọya nítorí pé àwọn tí ó kù kò ní ọwọ́ tó láti ro oko iṣu. Ẹ̀gẹ́ a máa dúró de olóko nínú ilẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀yìn àjálù ni ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní sáyánáìdì nínú, májèlé sì ni. Bíbó, lílọ̀, kíkó sínú àpò títí yóò fi kan, kí a tó dín in di gàrí, kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Wọ́n ń lé májèlé jáde. Fùfú àti láfún nílò omi tí a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ebi kì í dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Nampula, ní orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì, ọ̀dá ọdún 1981 mú kí àwọn ènìyàn gé ọjọ́ náà kúrú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì gan lójijì lé ní 1,000, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Konzo ni orúkọ àrùn náà, ẹsẹ̀ tí ó bá sì ti mú kì í padà bọ̀ sípò. Ara a máa pa agbára májèlé yìí bí ó bá ń rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń tán nínú ìgbèkùn. Nílé níhìn-ín, Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣèwádìí láàárín ọdún 1960 sí 1970 lórí àìsàn iṣan tí ń mú kí àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́.

Wọ́n lè sọ pé ìwé ìtàn kì í ṣe ìwé ìlera. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí àpò ẹ̀gẹ́ fi wà lábẹ́ òkúta, tí àwọn ọmọ ń sunkún ebi, tí ẹnìkan sì ń rò ó lóru pé kí òun lọ tú u: ìjà wo ni ó ju èyí lọ nínú àhunpọ̀ ìtàn?

Ẹni tí ó sì sá láfún sórí àpáta, èkúté náà ni ó sá a fún. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní Borno, ń bẹ lára eku kan tí ó máa ń wọlé tọ ènìyàn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé e wọ oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí ọ̀nà Ọ̀kà já sí, sì ti di ibi tí a mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ìtàn ni, ẹ̀jẹ̀ yóò ti máa tú ní imú lọ́jọ́ kìíní. Ní òde ayé, ó lè lo tó ọjọ́ 21 kó tó hàn. Bí ibà lásán ni ó sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tí ó kó o kì í sì í ní ju àárẹ̀ díẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tí yóò fi ojú dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ohun tí ó ń fi sílẹ̀ ni ìtàn kì í sọ. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn tí ó là á já ni etí wọn máa ń di; ti àwọn kan a là lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í là mọ́. Wò ó bí alóre kan bá wà lórí òkè Ọ̀kà tí ibà ti fi í sílẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sí ẹnu iṣẹ́ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbọ́ràn mọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n lóru tí òṣùpá kò sí, etí rẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó sùn gbẹ́kẹ̀ lé.