Èèwọ̀ Àdáni àti Iṣẹ́ Onímọ̀ Oúnjẹ

Nínú ìkọsẹ̀jayé, Odù tó bá jáde ni babaláwo fi ń sọ ohun tí ọmọ kan kò gbọdọ̀ jẹ. Èèwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe dandan fún ọmọ mìíràn. Ojú bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore fi ń wo ènìyàn lóde òní: kí àìsàn tó dé, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n ara àti ìtàn ìdílé wò. Apẹja ní Abuloma, ní Port Harcourt, àti àgbẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn lè jọ wà nínú ewu àtọ̀gbẹ. Kí apẹja dín ẹ̀bà kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹja rẹ̀. Kí àgbẹ̀ dín àmàlà kù, kí gbẹ̀gìrì pọ̀. Ìmọ̀ràn tó bá ìkòkò ẹni mu ni ẹni lè tẹ̀ lé pẹ́.