Ẹ̀rọ Tí Ń Ti Kankéré Sókè: Àǹfààní Wo Ni Ó Wà Níbẹ̀?

Àwọn tí ń yá owó ilé kíkọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń ti kankéré gba inú páìpù lọ sórí dẹ́kìn. Písítìnì méjì ni ó máa ń wà nínú rẹ̀: bí ọ̀kan ti ń fa kankéré wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń ti tirẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Dẹ́kìn tí ó gùn ní mítà 12, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, tí ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, yóò gba kankéré kúbíìkì mítà 18. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 2,400. Bí lébìrà bá ń ru kílò 30 lẹ́ẹ̀kan, páànù 1,440 ni wọn yóò rù gun orí àkàsọ̀! Ẹ̀rọ lè ṣe é tán láàárín wákàtí méjì, bí kankéré kò bá ti dáwọ́ dúró.

Kì í ṣe ti ọrùn lébìrà nìkan o. Sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, oòrùn wa yìí sì ń mú kí ó tètè dì. Bí a bá da apá kan lónìí, tí a da ìyókù lọ́la, èyí àná lè má lẹ̀ mọ́ tòní dáadáa. Ojú ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà wọlé, tí irin inú rẹ̀ á sì máa dípẹtà. Bí ó bá sì ti rẹ àwọn òṣìṣẹ́, wọn a bu omi kún un kí ó lè rọ̀. Omi àlékún yẹn ni ó ń ba agbára kankéré jẹ́.

Ẹ̀rọ náà ní òfin tirẹ̀. Òkúta ńlá a máa dí páìpù, nítorí náà kí òkúta wẹ́, kí iyanrìn sì tó. Kí kápẹ́ńtà fi igi tí ó le gbé pákó ró, nítorí kíákíá ni ẹrù ń dé. Kí wọ́n má kó kankéré jọ sójú kan, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró síwájú ẹnu páìpù.

Fún iṣẹ́ kékeré, páànù ti tó, nítorí owó gbígbé ẹ̀rọ wá kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ń kọ́lé ní àdúgbò kan, kí wọ́n jọ háyà rẹ̀ fún ọjọ́ kan náà, kí irin àti pákó kálukú ti wà ní sẹpẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ fi wé owó lébìrà, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé. Owó tí a yá, tí a ó san padà tèlé-tèlé, kò yẹ kí ó bọ́ sórí dẹ́kìn tí ń jò.