Ta Ni Ń Tọ́jú Olùtọ́jú?
Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn aláìsàn ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà: kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó kíyè sí èémí rẹ̀, bí ọkàn bá ṣáko, kí ó rọra pè é padà. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà pàápàá ń kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè dín àníyàn kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oorun, kò sì lè mú ẹrù ènìyàn mẹ́ta fúyẹ́ lórí ẹnì kan. Olúwa wa pe àwọn Àpọ́sítélì rẹ̀ sí ìsinmi. A rọ̀ yín: bí nọ́ọ̀sì ilé yín bá ti iṣẹ́ òru dé, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.