Tẹlifíṣọ̀n Ìjọba àti Ẹni Tí A Jẹ́

Bí ará Ìwòpin bá tan tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìròyìn NTA ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń bá a sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà. OGTV láti Abẹ́òkúta ń fi Yorùbá pè é ní ọmọ Ògùn. Ìlànà ìjọba ló bí ohùn méjèèjì.

Ní 1953, Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí rédíò, wọn kò sì fún Olóyè láàyè láti fèsì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Nígbà tó di 1977, ìjọba ológun kó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, kí orílẹ̀-èdè lè ní ohùn kan. Òfin 1979 ṣílẹ̀kùn fún ìpínlẹ̀. OGTV sì dé ní 1981, nígbà Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ.

Lójú tiwa, ohùn kan kò tó. Nínú ìròyìn Yorùbá pàápàá, Yorùbá àjùmọ̀lò ni a ń kà. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú etí ọ̀sà kì í sábà jẹ yọ. Ọmọdé tí kò gbọ́ ọ rí lójú ẹ̀rọ lè máa rò pé èdè inú ilé lásán ni.