Ẹní Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn: Bí A Ṣe Lè Ṣe Yógà Nílé Láìnáwó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà bréèkì, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri láàbù, mo tẹ̀ bí tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi kan rí mi, ó ní, "Ṣé ògiri yẹn fẹ́ wó ni, tó o fi ń tì í?" Mo ní yógà ni mò ń ṣe. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Yógà kẹ̀? Tàwọn olówó nìyẹn jàre!" Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti màámi.

Aránṣọ ni màámi. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n lè wà nídìí máṣíìnì láti àárọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Èmi náà, tí mo bá kúrò lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì, orí ìwé tàbí fóònù ni mo tún máa ń tẹ̀ sí nílé, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Mo rí yógà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ló ní ẹní rọ́bà aláràbarà, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó oúnjẹ ọ̀sán mi kí n lè ra tèmi. Mo ti kó ₦5,000 jọ kí ẹ̀yìn tó dá màámi dúró lọ́jọ́ kan, tí wọn ò lè dìde nídìí máṣíìnì. Owó mi wà lára ohun tá a gbé lọ sí ọsibítù. Dókítà ní egungun kankan ò ṣẹ́, pé àjókòópẹ́ ló fà á. Ó fún wọn lóògùn, ó ní kí wọ́n máa dìde rìn, kí wọ́n sì máa na ara.

Dípò kí n dúpẹ́, inú ló ń bí mi. Mo ní, "Owó ẹní tí mo fẹ́ fi ṣeré ìdárayá lẹ ná yẹn." Màámi ò bá mi jà. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹní nìyẹn. Kí ló ṣe é?"

Mo wò ó títí, n ò rí nǹkan tó ṣe é. Ojú tì mí.

KÍ NI YÓGÀ GAN-AN?

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tó ti wà. Inú èdè Sanskrit ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a so nǹkan pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fi àjàgà so màlúù méjì. Ara, èémí àti ọkàn ni wọ́n ń so pọ̀. Ní 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya June 21 sọ́tọ̀ fún yógà lọ́dọọdún, ọdún 2015 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá tiwa mu jù ni B.K.S. Iyengar. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i ní abúlé kan tó ń jẹ́ Bellur ní gúúsù Íńdíà, ilé wọn ò sì lówó lọ́wọ́. Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti táífọ́ọ̀dù fojú rẹ̀ rí màbo ní kékeré. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Krishnamacharya, ló kọ́ ọ ní yógà. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, ó ń lo àga, okùn, bẹ́líìtì, búláńkẹ́ẹ̀tì àti búlọ́ọ̀kù kí aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le lè ṣe é. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966, ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú ní 2014. Tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń fi àga ilé kọ́ èèyàn, kí ni tèmi tí mo ní àfi ẹní rọ́bà?

Màámi bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Lóòótọ́, inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yógà ti dàgbà, àwọn kan sì ń fi ṣe ìjọsìn títí dòní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò fi ṣe ju eré ìdárayá lọ. Èmi ò kọrin, n ò sì pe orúkọ ohunkóhun. Ara ni mò ń nà, mo sì ń mí. Ojú màámi ni mo ti ṣe é kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn òbí yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀.

OHUN TÍ A NÍLÒ

Ẹní: Èyíkéyìí tó bá wà nílé ti tó. Ṣùgbọ́n ẹní máa ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì dídán. Torí náà, orí ilẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí láìwọ bàtà tẹ́ ẹ bá ń ṣe ti ìdúró, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹní fún ti ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ ká ìró sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀já: Èyí tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Òun ló rọ́pò bẹ́líìtì yógà, ó tilẹ̀ tún rọ̀ jù ú lọ.

Ìwé méjì tó nípọn: Ẹ fi okùn dì wọ́n pọ̀, ó ti di búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Tí ọwọ́ yín ò bá kan ilẹ̀, ẹ gbé e lé e lórí.

Ògiri: Ọ̀fẹ́ ni, ó wà níbi gbogbo.

BÍ MO ṢE Ń ṢE É (ìṣẹ́jú 15)

1. Mímí. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà. Ẹ fi imú mí sínú, kẹ́ ẹ ka ení dé ẹẹ́rin. Ẹ mí síta, kẹ́ ẹ kà á dé ẹẹ́fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tá a bá ń mí síta, nerve kan tó ń jẹ́ vagus máa ń dẹ ìlù ọkàn wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mímí síta pẹ́pẹ́ fi ń mú ara balẹ̀. Mo máa ń ṣe é kí wọ́n tó pín ìwé ìdánwò.

2. Ológbò àti màlúù. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń nulẹ̀. Ẹ mí sínú, kí ikùn wálẹ̀, kí àyà gòkè. Ẹ mí síta, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Nǹkan rírọ̀ kan wà láàárín àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn wa, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú rẹ̀. Gbígbé ara wà lára ohun tó ń ran oúnjẹ lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

3. Ọmọdé. Láti orí ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ fìdí lé gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú títí iwájú orí á fi kan ilẹ̀ tàbí ìrọ̀rí, bí ọmọ ọwọ́ tó fi ikùn sùn. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹjọ.

4. Títi ògiri. Ẹ fọwọ́ ti ògiri níbi tó ga tó ìbàdí yín, kẹ́ ẹ máa rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn yín á fi tẹ́ bíi tábìlì. Orúnkún lè tẹ̀ díẹ̀. Èyí ni ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ lè ṣe é láìdọ̀tí yúnífọ́ọ̀mù.

5. Ọ̀já ẹsẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ rọra fà á sókè. Ẹ mí lẹ́ẹ̀márùn-ún, kẹ́ ẹ yí sí ẹsẹ̀ kejì.

6. Igi. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lórí ẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì lé ìsàlẹ̀ orúnkún tàbí itan. Ẹ má gbé e lé orúnkún gan-an, ó lè ṣe é léṣe.

7. Ìsinmi. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ pajú dé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ gan-an ní Sanskrit ni ìdùbúlẹ̀ òkú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màámi, wọ́n fò dìde, wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìsinmi là ń pè é nílé yìí." Bẹ́ẹ̀ náà la sì ń pè é.

Ẹ ṢỌ́RA O

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́ tẹ̀ bíi tàwọn tí mo rí lórí fóònù. Mo fipá fa ẹsẹ̀ mi, iṣan ẹ̀yìn itan mi sì dùn mí fún ọjọ́ mẹ́rin. N ò lè pọnmi, àbúrò mi ló ń pọn ọ́n, kò sì yéé rán mi létí. Nína ara kì í ṣe ìdíje. Tí ìrora bá gún yín, ẹ dúró. Ẹ má dá ìdúró lórí ṣe láìsí olùkọ́. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ ńlá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aláboyún, tàbí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn débi tí ẹsẹ̀ fi ń kú tipiri, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Yógà kò sì rọ́pò bọ́ọ̀lù o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́.

Ní báyìí, fóònù ẹ̀gbọ́n mi máa ń dún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, màámi á dìde nídìí máṣíìnì, wọ́n á ti ògiri. Ẹ̀yìn wọn ò tíì san tán, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dìde fúnra wọn, wọ́n sì ti parí aṣọ àwọn oníbàárà. Wọ́n dá ₦5,000 mi padà lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò fi ra ẹní. Tìmùtìmù ni mo fi rà sórí àga máṣíìnì wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, kó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láàbù ní bréèkì ọjọ́ Friday. Ẹ má mówó wá. Ẹ ṣáà bọ́ bàtà.

— Ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn, SS 2